Iṣẹ́ ti jẹ́, èsì ni ò dé: ọ̀rọ̀ lórí gRPC

Ẹ káàsán o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dúró dè mí. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ ló fà á. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí gRPC, àkójọ kóòdù tí ètò kan fi ń rán ètò mìíràn níṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Màá sọ ọ́ dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan.

Ìyá yìí ń ta mílíìkì, súgà, bọ́tà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nítòsí ilé mi. Lọ́jọ́ kan, mo rajà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ki káàdì bọ POS, mo tẹ nọ́ńbà mi. Ẹ̀rọ ń yí, ó ń yí, ló bá pọ pépà jáde pé kò lọ. Kí n tó fa káàdì yọ, fóònù dún lápò mi: wọ́n ti yọ owó. Ìyá wo pépà ọwọ́ rẹ̀, èmi náà wo fóònù ọwọ́ mi. Ìyá ní, "Ọmọ mi, kò wọlé o." Mo ní, "Mà, wọ́n ti yọ ọ́ ńbí o." Ta ló ń parọ́ nínú àwa méjèèjì? Kò sí. Ẹ̀rọ tó wà láàárín wa gan-an ni ò mọ̀. Ó ránṣẹ́, ó dúró de èsì, èsì ò tètè dé, ló bá ní iṣẹ́ ò ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti jẹ́ tipẹ́. Ẹ fi ìyá àti èmi síbẹ̀ ná, a ó padà bá wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Python tàbí Go mọ bó ṣe ń rí tí ìlà kóòdù kan bá pe iṣẹ́ kan. Ẹ ó dárúkọ iṣẹ́ náà, ẹ ó fi ohun tó máa lò sínú àkámọ́, á ṣe é, á sì dá yín lóhùn. Inú ilé kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ilé bá wó, olùpè àti ẹni tí wọ́n pè jọ bá a lọ ni. Kò sí pé ọ̀kan ti kú tí èkejì ṣì jókòó tó ń retí èsì. Ìpè òkèèrè, remote procedure call lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ké kúrú sí RPC, ni pé kẹ́ ẹ kọ irú ìlà kóòdù kan náà, àmọ́ kí iṣẹ́ náà lọ ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ì báà jẹ́ ní yàrá kejì, ì báà jẹ́ ní òdìkejì òkun.

Èrò yìí ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Lọ́dún 1976, James White kọ ìwé tó di RFC 707, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń jíròrò ìlànà nẹ́tíwọ̀kì, tó fi dábàá pé kí àwọn ètò orí nẹ́tíwọ̀kì máa pe iṣẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn bí ìgbà tí ètò kan bá ń pe iṣẹ́ inú ara rẹ̀, dípò kí kálukú máa dá èdè tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 1981, Bruce Nelson fi í gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Carnegie Mellon. Nígbà tó di 1984, òun àti Andrew Birrell gbé ìwé jáde nípa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwádìí Xerox PARC, ní Palo Alto ní California. Ìwé yẹn ni mo máa ń ní kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kà kí wọ́n tó fọwọ́ kan gRPC rárá.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni ti aṣojú. Lọ́dọ̀ olùpè, kóòdù kékeré kan wà tó ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà gan-an. Olùpè rò pé iṣẹ́ lòun ń pè, aṣojú ló ń pè. Aṣojú á di ohun tí wọ́n fún un lẹ́rù, á gbé e sórí nẹ́tíwọ̀kì, á sì jókòó tì í. Lọ́hùn-ún, aṣojú kejì á tú ẹrù, á pe ojúlówó iṣẹ́, á gba èsì, á di ìyẹn náà, á dá a padà. Olùpè ò rí okùn, kò rí ẹrù. Ẹnikẹ́ni ò sì ń fọwọ́ kọ àwọn aṣojú yìí. Ẹ ó kọ àdéhùn sílẹ̀, irinṣẹ́ kan á kà á, á sì bá yín kọ aṣojú méjèèjì. Irinṣẹ́ ti Birrell àti Nelson ń jẹ́ Lupine; èyí tá à ń lò pẹ̀lú gRPC ń jẹ́ protoc. Ọ̀pọ̀ ọdún ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ohun kan wà nínú ìwé náà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n pinnu pé ìpè ò ní ní gbèdéke. Níwọ̀n ìgbà tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún bá ṣì ń dáhùn pé òun wà láyé, kí olùpè máa dúró, ì báà dọ̀la. Àlàyé wọn ni pé ìpè inú ilé ò ní gbèdéke, kí wá ló dé tí ti òkèèrè fi máa ní? Nínú nẹ́tíwọ̀kì ilé ìwádìí tiwọn, ó lè gbà bẹ́ẹ̀. Lórí nẹ́tíwọ̀kì tiwa yìí, ẹ ó dúró títí irùngbọ̀n á fi hù lágbọ̀n yín. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1994, Jim Waldo àtàwọn mẹ́ta mìíràn ní Sun Microsystems kọ ìwé tiwọn, wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni pé ìpè òkèèrè àti ìpè inú ilé kò yàtọ̀ síra ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìdí tó wúwo jù nínú èyí tí wọ́n kà sílẹ̀ ni pé, lókèèrè, apá kan lè kú kí apá kan yè, kí èyí tó yè má sì mọ̀ bóyá ìkejì kú ni tàbí ó kàn sùn.

Láti ìgbà Birrell àti Nelson wá, oríṣiríṣi ètò RPC ló ti kọjá. Sun ní tiwọn tó gbé NFS dúró, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹni tó bá ti rí port 111, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà kan, lórí Linux tó ń ṣe kàyéfì, àṣẹ́kù ìyẹn ni. CORBA dé, ó jókòó gbọọrọ. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, èmi ò ní fọwọ́ kan ọgbẹ́ wọn. SOAP dé, ó fi XML di ohun gbogbo bí ẹni fi ewé mẹ́wàá di ẹ̀kọ kan. Facebook gbé Thrift jáde lọ́dún 2007. Google ní tirẹ̀ ti ń lo ọ̀kan nínú ilé tó ń jẹ́ Stubby fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, kò sì fi han ará ìta. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i sílẹ̀ lóṣù kejì ọdún 2015, wọn ò gbé Stubby fúnra rẹ̀ jáde, torí ó ti so mọ́ àwọn nǹkan inú ilé wọn jù. Wọ́n tún un kọ́ lórí HTTP/2, ẹ̀dà kejì ìlànà tí browser fi ń bá ojúlé wẹ́ẹ̀bù sọ̀rọ̀, wọ́n pè é ní gRPC. Ẹ̀dà 1.0 jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà tó sì di 2017, wọ́n fà á lé àjọ CNCF lọ́wọ́, tó ń bójú tó irú ètò tí gbogbo ayé lè lò báyìí. Ìwé àṣẹ Apache 2.0 ló wà lórí rẹ̀: ẹ lè gbé e, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè fi ṣòwò, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín léèrè.

Àwọn kan á ní "g" yẹn dúró fún Google. Àwọn tó ń kọ ọ́ ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní fáìlì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí, ìtumọ̀ ọ̀hún sì ń yí padà láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà: nínú 1.1, wọ́n ní "good" ni, nínú 1.2, "green", nínú 1.3, "gentle". Ẹni tó bá ń rẹ̀ ẹ́ nídìí iṣẹ́ kó lọ ka fáìlì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú àdéhùn wàyí, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa àrokò, ẹ nawọ́ sókè. Ẹ ṣeun. Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin kan bá rán owó ẹyọ mẹ́fà sí ọmọbìnrin, ẹ̀fà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni: ọ̀rọ̀ wa jọra. Ọmọ tó gbé e lọ tó gbé e bọ̀ ò mọ ohun tó gbé dání. Owó ẹyọ ló rí. Nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì tó wà ní orí okùn ló sì ti mọ ohun tí nọ́ńbà túmọ̀ sí kí ìránṣẹ́ tó gbéra. Bí Protocol Buffers, àdéhùn tí gRPC ń lò, ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Àrà tiwọn ni pé kọ̀ǹpútà ló ń ka owó ẹyọ.

Ẹ wo fáìlì kékeré yìí, tó ń gba ìwọ̀n omi odò:

message Iwon {
  int32 iye = 1;
  string odo = 2;
}

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi mí. Mi ò fi àmì sórí orúkọ wọ̀nyẹn torí proto ò gbà á: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gbà nínú orúkọ. Ohun tó wà nínú orúkọ lè ní àmì. Orúkọ fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ ní. Ó dùn mí, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ká ní iye jẹ́ 300, odò sì jẹ́ Ọ̀ṣun. Ohun tó máa gba orí okùn lọ jẹ́ báìtì 15 péré, báìtì sì ni ẹyọ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń di nǹkan lẹ́rù. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ni 8, 172, 2, 18, 10. Níbo ni "iye" wà? Kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà 1 tá a fún un nínú fáìlì ló ń rìnrìn àjò: 1 lọ́nà 8, kẹ́ ẹ fi irú ohun tó jẹ́ kún un, irú ti nọ́ńbà lásán sì jẹ́ 0, ó di 8. Lẹ́yìn náà ni 300 fúnra rẹ̀. Báìtì kọ̀ọ̀kan ń gbé 127 pátápátá, àyè tó ṣẹ́ kù ló fi ń sọ pé "ó kù lẹ́yìn". Ọ̀nà méjì 128 àti 44 ló wà nínú 300. Wọ́n kọ́kọ́ gbé 44, wọ́n fi 128 kún un láti fi sọ pé ó kù lẹ́yìn, ó di 172. Wọ́n wá gbé 2. 18 ni ti odò: 2 lọ́nà 8, kẹ́ ẹ fi 2 kún un, torí irú ti ọ̀rọ̀ ni 2. 10 tó tẹ̀ lé e ń sọ pé báìtì 10 lọ̀rọ̀ ọ̀hún gùn. Tẹ́ ẹ bá fi JSON, ọ̀nà ìkọ dátà tí èèyàn lè fojú kà, kọ ohun kan náà láìfi àyè kankan sílẹ̀, báìtì 30 ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rí i tí ẹnìkan ń ṣírò níbẹ̀ yẹn. Ọ̀ṣun, lẹ́tà mẹ́rin, báwo ló ṣe di 10? Ọ gba 3, àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ gba 2 lọ́tọ̀, ṣ gba 3, u àti n gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí ò kan gRPC nìkan, ọ̀rọ̀ UTF-8 ni, ìyẹn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ lẹ́tà di báìtì, àmọ́ àwa tá à ń kọ Yorùbá ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹni tó bá fi ààyè báìtì 20 sílẹ̀ fún orúkọ èèyàn máa gé orúkọ àwọn èèyàn wa sí méjì. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Adé" lè jẹ́ báìtì 4 tí é bá wá gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ 5 tí fóònù bá kọ e kó tó kọ àmì lé e lórí. Lójú tiwa, Adé ni Adé ń jẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn méjì ni. Protocol Buffers á gbé méjèèjì lọ bó ṣe rí, kò ní bá yín dọ́gba wọn. Ẹ̀yin lẹ máa dọ́gba wọn kẹ́ ẹ tó dì wọ́n lẹ́rù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi wá aṣiṣe yìí nígbà kan, bẹ́ẹ̀ àmì orí é ni.

Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ò ṣeé fi ṣeré o. 1 dé 15 ni báìtì ẹyọ kan gbà, nítorí náà àwọn ohun tẹ́ ẹ máa ń rán lemọ́lemọ́ lẹ máa fi wọ́n fún. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ohun kan kúrò nínú àdéhùn, ẹ má fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà rẹ̀ láéláé. Ẹ kọ "reserved" sí i kí irinṣẹ́ lè máa bá yín ṣọ́ ọ. Ìdí ni pé àwọn olùpè àtijọ́ ṣì wà níta, nínú fóònù àwọn tí kì í ṣe ìmúdójúìwọ̀n. Wọ́n á rán ẹ̀fà, ẹ̀yin ti yí ìtumọ̀ ẹ̀fà padà, ẹ ó sì gba ìfẹ́ ní ìjà. Kò ní sí aṣiṣe kankan tó máa hàn. Dátà á kàn bàjẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ HTTP/2 ò ní gùn. Ojú okùn kan ṣoṣo lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpè lẹ́ẹ̀kan náà, láìjẹ́ pé ọ̀kan ní láti dúró kí èkejì parí kó tó bọ́ sọ́nà. Báìtì 5 máa ń ṣíwájú ẹrù kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń sọ bóyá wọ́n ti fún ẹrù náà pọ̀ kó lè kéré, mẹ́rin ń sọ bó ṣe gùn tó. Nítorí èyí, yàtọ̀ sí kẹ́ ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ gba èsì kan, ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀kan kí èsì máa ṣàn wá, ẹ lè máa da ẹrù lọ kẹ́ ẹ gba èsì kan níkẹyìn, tàbí kí ẹ̀yin àti server, ìyẹn ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ lọ́hùn-ún, jọ máa sọ̀rọ̀ síra yín bí ẹni wà lórí fóònù. Ìdájọ́ ìpè, pé ó yọrí tàbí kò yọrí, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń dé, lẹ́yìn tí ẹrù ti tán. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ lè pe gRPC tààrà láti inú browser nìyẹn, torí browser kì í jẹ́ kí kóòdù yín dé ìsàlẹ̀ HTTP/2 bẹ́ẹ̀. gRPC-Web wà fún un, àmọ́ ó máa ń fẹ́ alárinà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìdájọ́ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú gRPC, láti 0 dé 16. 0 ni pé ó dáa. 5 ni pé kò sí ohun tẹ́ ẹ ń wá. 7 ni pé ẹ ò láṣẹ. Ìwọ̀nyí ò lẹ́jọ́ nínú, torí server ló fẹnu ara rẹ̀ sọ wọ́n. Ẹlẹ́jọ́ ni 4, DEADLINE_EXCEEDED. Gbèdéke ti kọjá ni. Ẹ wò ó dáadáa: kò sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́. Ó sọ pé olùpè ò lè dúró mọ́. Bóyá ẹrù ò dé ọ̀hún rárá, bóyá ó dé tí wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, bóyá wọ́n ti ṣe é tán tí èsì wà lójú ọ̀nà. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, nọ́ńbà kan náà ló wá bá yín.

Tẹ́ ẹ ò bá fi gbèdéke sí ìpè, gRPC ò ní bá yín fi sí i. Á dúró, bíi ti 1984. Nítorí náà, nínú ilé iṣẹ́ tèmi, kóòdù tó bá ní ìpè tí kò ní gbèdéke kì í kọjá lójú mi. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi gbèdéke ránṣẹ́. Wọn kì í kọ aago sí i pé "dá mi lóhùn kó tó di aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta". Iye àkókò tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń kọ, torí aago kọ̀ǹpútà méjì kì í dọ́gba. Bí server yín bá tún ní láti pe server mìíràn, ìyókù yẹn lẹ máa gbé fún un. Nínú Go, tẹ́ ẹ bá ti gbé context kan náà lọ, ìyẹn ohun tó ń gbé gbèdéke kiri, á gba ibẹ̀ kọjá fúnra rẹ̀. Ẹni kẹta á mọ̀ pé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló kù fóun, tí kò bá sì lè ṣe é láàárín ìyẹn, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fi orí ara mi kọ́ èyí tó kù. Nígbà kan, mo kọ olùpè kan fún ilé iṣẹ́ tí mi ò ní dárúkọ, tó ń yọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Gbèdéke mi jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2. Mo wá kọ ọ́ pé tó bá gba 4, kó tún un gbìyànjú, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní ìparí oṣù, tí gbogbo ayé ń sanwó, server falẹ̀ díẹ̀, ó wá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 3 kó tó parí iṣẹ́ kan. Ẹ ti mọ èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan san owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, lójú olùpè mi, wọn ò sì san kọ́bọ̀. Kò sí aṣiṣe kankan nínú gRPC. Ó sọ òtítọ́ fún mi, èmi ni mo túmọ̀ "mi ò mọ̀" sí "rárá".

Bá a ṣe tún un ṣe kò le. Kí olùpè tó ránṣẹ́ rárá, á ṣe nọ́ńbà kan fún owó yẹn, ọ̀kan ṣoṣo fún ohun tí oníbàárà fẹ́ ṣe, kì í ṣe ọ̀kan fún ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Server á kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pa pọ̀ mọ́ èsì rẹ̀. Tó bá tún rí i, kò ní yọ owó mọ́. Èsì àtijọ́ ló máa dá padà. Nígbà náà, ẹ lè tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má ba nǹkan kan jẹ́. gRPC ò ní ṣe ìyẹn fún yín, kò sì sí láìbìrì tó lè ṣe é, torí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èyí tó jẹ́ ohun kan náà.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ò sì lọ sí Carnegie Mellon o. Nígbà tí a ti wo ara wa tán lọ́jọ́ yẹn, ó fa ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kan yọ, ó wo ìsàlẹ̀ pépà POS, ó da nọ́ńbà gígùn kan ibẹ̀ kọ, ó fi iye owó àti orúkọ mi sí i. Ó ní, "Máa gbé ọjà ẹ lọ. Tó bá wọlé, màá fagi lé e. Tí kò bá wọlé, wàá gbọ́ mi." Ní ọjọ́ kejì, ó fagi lé e.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí i kí n tó gba ìbéèrè, torí ó ti mú oorun kúrò lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ gbé server mẹ́ta kalẹ̀ lórí Kubernetes, ètò tó ń bá yín bójú tó ọ̀pọ̀ server, ẹ rí i pé ọ̀kan ń làágùn, méjì ń hanrun. Wọ́n á ní gRPC ò dáa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. gRPC máa ń ṣí ojú okùn HTTP/2 lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í tètè pa á dé. Alárinà tó ń pín èrò sí server ń pín ojú okùn, kò pín ìpè. Ẹni tó bá ti wọlé sọ́dọ̀ server kìíní, ibẹ̀ ni gbogbo ìpè rẹ̀ máa gbà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bákan náà, ìwà tí gRPC fúnra rẹ̀ ń hù tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan kan ni pick_first: á mú àkọ́kọ́ tó bá dá a lóhùn, á sì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí olùpè mọ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé round_robin ni, kó máa pín ìpè yí wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kẹ́ ẹ fi alárinà tó gbọ́ HTTP/2 sí àárín, bí Envoy. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i tí ẹnìkan tún un ṣe, torí ìlà kan ni, iṣẹ́ server á sì pín sí mẹ́ta lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní ìlà iwájú béèrè bóyá JSON lórí HTTP lásán ò tó. Ó tó, sà. Tó bá jẹ́ ará ìta ló máa pe iṣẹ́ yín, tí wọ́n máa fẹ́ fi irinṣẹ́ bíi curl dán an wò, tí wọ́n máa fẹ́ fojú ka èsì, ẹ fún wọn ní JSON. Tó bá jẹ́ ètò méjì péré lẹ ní, tí èèyàn mẹ́ta ń kọ, protoc máa di ìnira fún yín kó tó ràn yín lọ́wọ́. Ìgbà tí ètò yín bá di ogún, tí àwọn kan ń kọ Go, àwọn kan Java, àwọn kan Python, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ irú ohun tí ẹlòmíràn ń retí mọ́, ìgbà yẹn ni àdéhùn inú fáìlì máa ń níye lórí. Èmi fúnra mi á sì tún kọ́kọ́ béèrè bóyá ó yẹ kí ètò di ogún.

Ẹ wo ara ògiri báyìí. Fèrèsé òsì ni server, tọ̀tún ni olùpè. Port 50051 ni wọ́n wà, bó ṣe wà nínú àpẹẹrẹ àwọn gRPC fúnra wọn. Mo ti ní kí server sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 kó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mi ò sì ní kó máa wẹ̀yìn wò bóyá olùpè ṣì ń dúró, torí bí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe ń kọ tiyín nìyẹn. Gbèdéke olùpè jẹ́ 2. Ó yá, mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi kà á.

Ení. Èjì. Ẹ wo ọ̀tún: DEADLINE_EXCEEDED. Olùpè ti gba kámú. Ẹ má tíì dìde o, ẹ máa wo òsì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún.

"Mo ti yọ owó."